Ìtàn Ìtọ́jú Àfòmọ́ Ẹja Inú Omi Iyọ̀, àti Ìwúlò Rẹ̀ fún Ìṣẹ̀dá Ìperí Yorùbá

1. Ìfáàrà

Nínú gírámà Yorùbá, àfòmọ́ ni a ń pe mófíìmù tí kò lè dá dúró, tí ó gbọ́dọ̀ so mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Lọ́wọ́ àgbẹ̀, àfòmọ́ ni ewéko tí ó ń hù lórí ẹ̀ka igi obì tàbí igi kòkó, tí ó ń fa omi ara igi náà mu. Àwọn onímọ̀ gírámà yá ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ wọn mu. Àwọn tí ń kọ̀wé lórí ìlera náà yá a: wọ́n ń lò ó fún ẹ̀dá alààyè èyíkéyìí tí ó ń gbé lára ẹ̀dá mìíràn, tí ó sì ń jẹ ẹ́. Ìbéèrè mi nínú iṣẹ́ yìí ni pé: ṣé orúkọ kan ṣoṣo yìí tó fún ẹ̀dá tí ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje so mọ́ ara ẹlòmíràn, tí ó sì lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dá dúró láìjẹ ohunkóhun?

Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ wà. Ó ń pa ẹja òkun tí àwọn ènìyàn ń sìn nínú àpótí dígí, kò sì sí ẹni tí ó rí i wò tán títí di ìgbà tí wọ́n mọ̀ pé ohun tí ó wà lára ẹja kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ìtàn bí wọ́n ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín.

Olùkà lè béèrè ohun tí ó kan ọmọ Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, pẹ̀lú ẹja inú dígí. Ìlú wa kì í ṣe ìlú etí òkun. Ẹja òkun tí ó ń dé ọjà Ìgólò ti di yíyan tàbí dídì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sin ẹja nínú adágún pọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, Faransé ni èdè tí wọ́n fi ń kọ sára ìgò oògùn, iṣẹ́ ìwádìí mi sì ni láti wá ìperí Yorùbá tí ẹni tí kò ka ìwé Faransé lè lò. Mo yan ẹja omi iyọ̀ ní àpẹẹrẹ nítorí pé ìtàn ìtọ́jú rẹ̀ kò gùn, ọdún tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan wáyé hàn gbangba, orúkọ tí wọ́n sì fún àìsàn náà ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lákọsílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ìwòsàn kò sinmi lórí oògùn tuntun nìkan. Kò rí ẹsẹ̀ walẹ̀ àfi nígbà tí wọ́n fún ìpele tí ojú kò rí ní orúkọ tirẹ̀.

2. Àpótí dígí àti àjàkálẹ̀ àrùn

Àfòmọ́ ti ń gbé lára ẹja òkun láti ayébáyé. Nínú òkun, kì í sábà di àjàkálẹ̀ àrùn, nítorí omi pọ̀: ọmọ tí àfòmọ́ bá bí á fọ́n ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì kú kí wọ́n tó rí ẹja tí wọn yóò lẹ̀ mọ́. Àpótí dígí ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ní 1832, obìnrin Faransé kan, Jeanne Villepreux-Power, ṣe àpótí dígí ní Messina, ní erékùṣù Sicily, kí ó lè máa wo ẹranko òkun láàyè. Ní 1853, ọgbà ẹranko ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣí ilé ẹja tí gbogbo ènìyàn lè sanwó wọ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Philip Henry Gosse tẹ ìwé kan jáde tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà aquarium di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1924, ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù kan náà ṣí ilé ẹja mìíràn tí ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹja láti òkun ilẹ̀ gbígbóná wá ń gbé pọ̀ nínú omi díẹ̀, ẹja tí kì bá tí pàdé ara wọn láéláé. Ọmọ tí àfòmọ́ bá bí níbẹ̀ kò ní ibi tí yóò fọ́n ká sí. Ibi yòówù kí ó yíjú sí, ẹja ni yóò bá.

Inú ilé ẹja yìí ni wọ́n ti rí ọ̀kan nínú àwọn àfòmọ́ tí ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ní 1931, E. M. Brown ṣàpèjúwe rẹ̀ ó sì fún un ní orúkọ Oodinium ocellatum. Ní 1934, ó tẹ àlàyé tí ó kún rẹ́rẹ́ jáde lórí àjàkálẹ̀ àrùn tí ó ń fà. Ní 1936, Ross Nigrelli ti ilé ẹja New York tún ṣe àlàyé gígùn lórí ẹ̀dá kan náà àti ìgbésí ayé rẹ̀.

Ohun tí àwọn méjèèjì fi hàn ni pé ẹ̀dá yìí ní ìpele mẹ́ta. Ní ìpele kìíní, ó so mọ́ ara ẹja, pàápàá jù lọ ibi tí ẹja fi ń mí lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó na ohun tín-ín-rín bí gbòǹgbò sínú ara ẹja, ó sì ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ó bá yó, ó já bọ́ sí ìsàlẹ̀ omi, ó fi èpo le ara rẹ̀ yí ká, ó sì ń pín sí méjì-méjì nínú èpo náà: 2, 4, 8, títí ó fi lè di 256. Ìyẹn ni ìpele kejì. Ní ìpele kẹta, àwọn ọmọ yìí jáde, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kiri láti wá ẹja tí wọn yóò so mọ́. Ẹyọ kan tí ó bọ́ lára ẹja ní ọ̀sẹ̀ yìí lè di 256 tí yóò padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ni ó ń bá tan. Ti inú omi yìí ní ohun tí ó jọ gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ pọ̀ bí ti orí igi: ó lè so mọ́ oríṣi ẹja tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí ẹja kan ṣoṣo tí a rà lọ́jà fi lè ba gbogbo àpótí jẹ́.

3. Orúkọ tí a fi ojú sọ

Ẹni tí ó ń sin ẹja kì í rí ìpele mẹ́ta. Àmì tí ó wà lára ẹja ni ó ń rí, àmì náà ni ó sì fi ń sọ orúkọ àìsàn. Ní Faransé, maladie des points blancs ni wọ́n ń pe àìsàn tí ó ń mú kí ara ẹja ní ẹ̀kán funfun bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i. Ní èdè Japan, hakutenbyō ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀: àìsàn ẹ̀kán funfun. Èdè méjèèjì kò yá a lọ́wọ́ ara wọn lọ́nà tí ó hàn. Ojú ni àwọn méjèèjì fi sọ ọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀dá méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà ni ó ń fa ẹ̀kán funfun yìí. Ti inú omi dídùn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Ní 1876, Fouquet, ará Faransé, pè é ní Ichthyophthirius multifiliis. Bí a bá túmọ̀ orúkọ Gíríìkì àti Látìn yìí sí Yorùbá, a ó ní “iná ẹja, ọlọ́mọ yọyọ”, iná bí iná orí. Orúkọ náà dára, nítorí pé ìpín kejì rẹ̀ kò sọ bí ẹ̀dá náà ṣe rí lójú. Ó sọ ohun tí ó ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá kúrò lára ẹja.

Ti inú omi iyọ̀ pẹ́ kí ó tó ní orúkọ tí ó dúró. Sikama kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Japan ní àwọn ọdún 1930. E. M. Brown tí a ti dárúkọ lẹ́ẹ̀kan pè é ní Cryptocaryon irritans ní 1951. Ní 1961 Sikama pè é ní Ichthyophthirius marinus, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ pé iná ẹja ti omi dídùn kan náà ni ó bọ́ sínú òkun. Nígbà tí àìsàn náà jà ní ilé ẹja New York, Nigrelli àti Ruggieri kọ̀wé ní 1966 pé ẹ̀dá kan ṣoṣo ni orúkọ méjèèjì ń tọ́ka sí, àti pé orúkọ Brown ni ó ṣáájú. Ìwádìí lórí àbùdá àjogúnbá, tí Wright àti Colorni tẹ̀ jáde ní 2002, wá fi hàn pé Cryptocaryon kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ iná ẹja rárá. Ìgbésí ayé wọn jọra, ẹ̀kán tí wọ́n ń fi sára ẹja jọra, ṣùgbọ́n ìdílé wọn yàtọ̀. Orúkọ tí a fi ojú sọ ti sọ àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìyá di ọmọ ìyá.

Oodinium náà pààrọ̀ orúkọ. Chatton, ará Faransé, ni ó dá orúkọ Oodinium sílẹ̀ fún ẹ̀dá mìíràn. Ní 1946, Brown àti Hovasse, ará Faransé mìíràn, fi hàn pé ti ara ẹja yìí yàtọ̀ sí ti Chatton, pé ohun bíi sítáàṣì wà nínú ara rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Amyloodinium. Síbẹ̀, àwọn tí ń sin ẹja ní ilẹ̀ Faransé ṣì ń pe àìsàn náà ní oodinium títí di òní. Orúkọ mìíràn tí wọ́n tún ń pè é ni maladie du velours, nítorí pé ó ń mú kí ara ẹja rí bí ẹni da eruku wúrà sórí aṣọ àrán.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí èyí díẹ̀. Bí olùtumọ̀ bá fẹ́ túmọ̀ maladie du velours ní tààrà, yóò kọ “àrùn àrán”. Bí ilé ìtẹ̀wé bá wá yọ àmì ohùn kúrò, bí wọ́n ti máa ń ṣe lára ìgò oògùn, “arun aran” ni yóò kù. Olùkà Yorùbá tí ó bá rí i yóò kà á sí “àrùn aràn”. Yóò lọ ra oògùn aràn. Amyloodinium kì í ṣe aràn, oògùn aràn kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Ohùn méjì péré ni ó wà láàárín aṣọ olówó iyebíye àti kòkòrò inú ikùn, ẹja sì ni yóò fi ẹ̀mí san gbèsè àmì tí a kò fi sí i.

4. Ohun tí bàbà ń pa

Bàbà kì í ṣe àjèjì sí àgbẹ̀. Ní 1885, Millardet ní Bordeaux sọ fún gbogbo ayé bí wọ́n ṣe lè po iyọ̀ bàbà aláwọ̀ búlúù mọ́ ẹfun láti fi dáàbò bo igi àjàrà. Nígbà tí ó yá, àwọn olóko kòkó ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà náà ń fín irú omi bàbà bẹ́ẹ̀ sára kòkó tí ó ń dúdú lórí igi. Ní 1955, Robert Dempster ti ilé ẹja Steinhart ní San Francisco kọ̀wé lórí bí iyọ̀ bàbà yìí ṣe lè wo àìsàn Amyloodinium sàn. Láti ìgbà náà ni bàbà ti di oògùn tí ilé ẹja púpọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n kí ni bàbà ń pa? Kì í pa èyí tí ó so mọ́ ara ẹja, kì í sì pa èyí tí ó wà nínú èpo ní ìsàlẹ̀ omi. Àwọn ọmọ tí ń lúwẹ̀ẹ́ kiri ni ó ń pa. Ìdí nìyẹn tí bàbà fi gbọ́dọ̀ wà nínú omi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta láìdínkù, ní ìwọ̀n mílígíráàmù 0.15 sí 0.20 nínú lítà kan. Bí ó bá dín sí i, àwọn ọmọ yóò là. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹja fúnra rẹ̀ yóò kú. Òkúta àti iyanrìn òkun sì ń fa bàbà mọ́ra kúrò nínú omi, nítorí náà a gbọ́dọ̀ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Yàtọ̀ sí èyí, bàbà ń pa edé, ìgbín òkun àti iyùn alààyè. Ẹni tí ó bá ní wọn gbọ́dọ̀ kó ẹja rẹ̀ sínú àpótí mìíràn kí ó tó fún un ní oògùn.

Ẹ wá wo ẹni tí ìwé rẹ̀ sọ fún un pé “oògùn yìí ń pa kòkòrò ara ẹja”. Ó da bàbà sínú omi ní ọjọ́ Ajé. Ní Ọjọ́bọ̀, ara ẹja ti mọ́. Kì í ṣe bàbà ni ó mú un mọ́: àfòmọ́ ti yó, ó ti já bọ́ fúnra rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ìwé sọ pé kòkòrò ara ẹja ni oògùn ń pa, kò sì sí kòkòrò lára ẹja mọ́. Ó pààrọ̀ omi, ó gbé oògùn rẹ̀ pamọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, èpo là ní ìsàlẹ̀ omi, gbogbo ẹja sì kú. Onítọ̀hún yóò ní ayédèrú ni oògùn náà. Oògùn kò ṣe ayédèrú. Gbólóhùn ìwé ni kò pé: ó dárúkọ ẹ̀dá náà, kò dárúkọ ìpele tí oògùn ń bá jà.

Nivaquine, tí ilé gbogbo mọ̀ ní Benin nítorí ibà, náà ní ìtàn nínú èyí. Ní 1988, Lewis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí lílo chloroquine, tí í ṣe ojúlówó ohun tí ó wà nínú Nivaquine, fún ẹja òkun tí ó ní Amyloodinium. Kì í ṣe ohun ìyanu. Amyloodinium, Cryptocaryon àti Plasmodium tí ó ń fa ibà wá láti agbo ilé ńlá kan náà. Bí bàbà, chloroquine kì í dí pípín nínú èpo lọ́wọ́. Ìgbà tí àwọn ọmọ bá jáde ni ó ń mú wọn.

5. Iyọ̀ tí ó ń lọ, iyọ̀ tí ó ń bọ̀

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní oògùn nínú, àwọn ará ìhà gúúsù Benin yóò sì tètè lóye rẹ̀. Nígbà tí odò Wẹ̀mẹ̀ bá kún, láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, omi ọ̀sà Nokoué máa ń di omi dídùn. Ewéko tí Faransé ń pè ní jacinthe d’eau á bo ojú omi débi pé ọkọ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun á gba ojú ọ̀nà omi tí wọ́n là ní Kútọnu ní 1885 wọlé, ewéko náà á sì kú. Ẹnikẹ́ni kò fi àdá kàn án. Iyọ̀ tí ara rẹ̀ kò gbà ni ó pa á.

Ní Eilat, ní etí Òkun Pupa, Angelo Colorni lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì. Iyọ̀ inú omi òkun jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan. Ní 1985, ó kọ̀wé pé bí a bá dín iyọ̀ náà kù gidigidi fún wákàtí díẹ̀, tí a sì tún un ṣe léraléra ní àárín ọjọ́ díẹ̀ sí ara wọn, ẹja òkun tí wọ́n ń sìn á bọ́ lọ́wọ́ Cryptocaryon. Ẹja náà fara da omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré. Èyí tí ó wà nínú èpo kò lè fara dà á.

Ọ̀nà kejì tí ó jáde láti inú iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Cryptocaryon máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta sí méje lára ẹja. Nígbà tí ó bá já bọ́ tí ó sì wọ inú èpo, ó máa ń gbà á tó ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, ó sì lè gbà á tó ọjọ́ 28, kí ọmọ tó jáde. Nítorí náà, a ó gbé ẹja kúrò nínú àpótí kan sínú òmíràn tí ó mọ́, tí ó sì ti gbẹ, ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ti bọ́ lára ẹja yóò kù sẹ́yìn kí èpo rẹ̀ tó là. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, kò ní sí ohunkóhun lára ẹja mọ́. Àpótí àkọ́kọ́ yóò wà láìsí ẹja fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá jáde nínú rẹ̀ yóò wá ẹja tì, yóò sì kú. Kò sí oògùn kankan nínú ọ̀nà yìí. Òǹkà ọjọ́ ni, ẹni tí kò bá sì mọ ìgbà tí ìpele kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ kò lè kà á.

Ìyàtọ̀ orúkọ tún padà wá síhìn-ín. Ilan Paperna, tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí àfòmọ́ ẹja ní Ghana ní àwọn ọdún 1960, tí ó sì tẹ díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn IFAN ní Dakar ní 1969, wá ṣe ìwádìí lórí Amyloodinium nígbà tí ó yá. Ní 1984, ó fi hàn pé ẹ̀dá yìí ń fara da ìyípadà iyọ̀ gan-an. Dídín iyọ̀ kù tí ó ń wo Cryptocaryon sàn kò ní lé Amyloodinium lọ. Ìpele èpo rẹ̀ sì yára ju ti Cryptocaryon lọ, nítorí náà òǹkà ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta kò ṣeé gbára lé fún un. Bí a bá pe àwọn méjèèjì ní “àrùn ẹ̀kán ara ẹja”, a ti fún olùkà ní ìtọ́jú kan fún àìsàn méjì, ọ̀kan nínú wọn kò sì ní gbọ́ ọ.

6. Sòbìà ti kọ́ wa ní èyí tẹ́lẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ẹja àwọn olówó lásán ni èyí. Ẹ wo sòbìà. Yorùbá mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì ní orúkọ tí kò ní àṣìmọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n aràn gígùn tí ó ń yọ ní ẹsẹ̀ nìkan ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ìpele tí ó wà nínú omi, nínú ẹranko tíntìntín tí a ń gbé mì pẹ̀lú omi adágún ní nǹkan bí ọdún kan kí aràn tó yọ, kò ní orúkọ. Ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá, níbi tí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìlera lórí sòbìà ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé sòbìà ti wà lára ènìyàn láti ilẹ̀ wá. Èrò náà bá orúkọ mu: bí ara nìkan ni a ti ń rí sòbìà, níbo ni ì bá tún wà?

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, iye àwọn tí ó ní sòbìà ní Nàìjíríà lé ní 600,000. Kò sí oògùn tí ó ń pa á, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Omi ni wọ́n tọ́jú, kì í ṣe ẹsẹ̀. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ omi, wọ́n fi oògùn sí adágún, wọ́n sì bẹ ẹni tí sòbìà yọ lára rẹ̀ pé kí ó má tẹ ẹsẹ̀ bọ omi mímu. Èyí kò lè ṣeé ṣe láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi gbólóhùn gígùn ṣàlàyé ohun tí kò ní orúkọ, láti ìlú dé ìlú. Ní 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé sòbìà ti tán ní Benin. Ní 2013, wọ́n jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ fún Nàìjíríà. Bí ti ẹja, ìṣẹ́gun kò wá láti ibi tí ìrora wà. Ó wá láti ìpele tí kò sí ẹni tí ó ń wò.

7. Àbá ìperí

Láti ìgbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti jáde, apá kìíní ní 1984 lábẹ́ ìdarí Ayọ̀ Bámgbóṣé, apá kejì ní 1990 lábẹ́ ìdarí Ọládélé Awóbùlúyì, a ti mọ̀ pé Yorùbá lè fi ohun ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ ohun ìjìnlẹ̀. Àbá mi kò tayọ ohun tí a kọ́ nínú ìwé wọ̀nyẹn. Mo dábàá ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ìpele mẹ́ta.

Fún ìpele tí ó so mọ́ ara tí ó ń jẹun, mo fi ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà: àfòmọ́. Fún ìpele inú èpo, mo dábàá afarapamọ́. Fún ìpele tí ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, mo dábàá awákiri. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni ó wà nínú àwọn méjì tí ó kẹ́yìn, èyí tí ó ń sọ àpólà ìṣe di orúkọ olùṣe: fi ara pamọ́, wá kiri. Orúkọ kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí ẹ̀dá náà ń ṣe, kò sọ bí ó ṣe rí. Ẹni tí kò ní awò tí ń mú ohun kékeré tóbi kò lè mọ bí ìpele inú omi ṣe rí, ṣùgbọ́n ó lè lóye ohun tí ó ń ṣe.

Àwọn kan lè béèrè ìdí tí n kò fi lo ẹyin fún ìpele kejì, nígbà tí gbogbo ènìyàn mọ ẹyin. Ìdí ni pé ẹyin ní ìyá tí ó yé e, ìyá náà sì wà níbòmíràn. Níhìn-ín, ẹni tí ó bọ́ lára ẹja gan-an ni ó fi ara pamọ́, òun náà ni ó pín di ọ̀pọ̀. Bí a bá pè é ní ẹyin, olùkà yóò máa wá ìyá rẹ̀ lára ẹja, a ó sì tún padà sí ibi tí a ti kúrò.

Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, gbólóhùn ara ìgò bàbà lè di: “Awákiri nìkan ni oògùn yìí ń pa. Kì í pa àfòmọ́, kì í pa afarapamọ́. Bí ara ẹja bá tilẹ̀ mọ́, má dá oògùn dúró títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò fi pé.” Gbólóhùn náà kò gùn. Ẹni tí ó bá kà á sí ẹlòmíràn létí lè kà á láìsí àmì ohùn lójú rẹ̀, kò sì ní ṣì í gbọ́, nítorí n kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí yóò jọ awákiri tàbí afarapamọ́ tí ó lè gba ipò wọn nínú gbólóhùn náà, bí aràn ṣe lè gba ipò àrán.

Àwọn tí ń sin ẹja nínú omi dídùn lè lo ọ̀rọ̀ kan náà fún iná ẹja, nítorí pé ìgbésí ayé rẹ̀ náà ní ìpele mẹ́ta yìí. Orúkọ àìsàn lè yàtọ̀ láti omi kan sí òmíràn, ó sì yẹ kí ó yàtọ̀. Orúkọ ìpele ni ó lè jẹ́ ọ̀kan.

8. Ìkádìí

Láti 1876 sí 1988, iye ohun tí àwọn onímọ̀ lò fún àìsàn yìí kò pọ̀: iyọ̀ bàbà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ fún igi àjàrà, oògùn ibà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ fún ènìyàn, omi dídùn, àti àpótí kejì. Ohun tí ó di tuntun ni ìmọ̀ ìgbà tí ó yẹ kí a lo ohun kọ̀ọ̀kan, ìmọ̀ yẹn sì ń gba inú orúkọ ìpele kọjá. Àwa tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè máa ń rò pé iṣẹ́ ìperí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ti parí tirẹ̀. Ìtàn yìí kò gbè wá lẹ́yìn. Èmi yóò fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà han àwọn tí ń sin ẹja ní Ìfọ̀nyìn àti agbègbè rẹ̀ nínú apá iṣẹ́ mi tí ń bọ̀. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù fún ìpele kọ̀ọ̀kan, ti wọn ni yóò dúró. Ohun tí n kò ní fi sílẹ̀ ni pé kí ìpele kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀.